Télọ̀ tí kì í pósí nǹkan sórí Instagram lójoojúmọ́, ṣé iṣẹ́ máa wá? Ìbéèrè tí ọmọ iṣẹ́ mi bi mí

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe frídọ̀mù lọ́dún tó kọjá, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àpáta níbí n'Ìbàdàn, ó ra ẹ̀rọ méjì, ó ṣí ojú ewé sórí Instagram, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pósí fídíò láàárọ̀ lálẹ́. Oṣù kẹjọ rèé, fọ́lówà ti lé ní 4,000, owó ṣọ́ọ̀bù ọdún tó ń bọ̀ ò tíì pé ìdajì. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ojú ẹ̀ ti rẹ̀, ó ń da ìbéèrè bò mí. Mo ní jẹ́ kí n kọ ọ́ síbi tí àwọn mìíràn á ti rí i, torí òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, ó ní kò burú, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Àǹtí mi, ìyá kan ń ránṣọ ní kọ̀nà wa, fóònù kékeré olóríi tọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ń lò, wọn ò pósí nǹkankan rí láyé wọn, síbẹ̀ láti oṣù kẹwàá ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò gba aṣọ Kérésì mọ́. Èmi tí mi ò sùn ńkọ́?

Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, má fi oṣù mẹ́jọ bá ogún ọdún díje. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò. Nínú 4,000 yẹn, mélòó ló ń gbé n'Ìbàdàn? Mélòó ló jẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ ẹ tó ń wá sítáìlì tó máa wò rán? Ìwọ náà mọ̀ pé àwa télọ̀ la ń fọ́lò ara wa jù, a máa láìkì, a máa fi iná sí i, aṣọ kankan ò ní tìdí ẹ̀ wá.

Ẹ̀wẹ̀, aṣọ rírán kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ dáadáa lè rán mẹ́rin lọ́dún, ọ̀kan fún Ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, ọ̀kan fún Kérésì, aṣọ ẹbí méjì. Tó o bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ 100 péré, aṣọ 400 nìyẹn, tó o bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 52 ó jẹ́ bíi mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ìwọ àti ọmọ iṣẹ́ kan pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ò ní ráàyè yún orí. Èèyàn 100 lò ń wá, wọn ò sì jìnnà sí ẹ, púpọ̀ nínú wọn á lè fẹsẹ̀ rìn wá tàbí kí wọ́n wọ ọ̀kadà kan ṣoṣo. Fídíò tí gbogbo ayé ń wò, ṣe lò ń da omi sínú òkun.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹ wá ń ní kí n dákẹ́?

Ta ló ní kó o dákẹ́? Wo ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀. Àdúgbò tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ ló ń gbà, àsìkò tí ebi ń pa wọ́n ló ń gbà á, ó mọ ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí wọ́n bá ti pè é ó sọ igbá kalẹ̀. Kì í lọ dúró sójú márosẹ̀ kó máa pariwo ẹ̀kọ fún mọ́tò tó ń sáré lọ sÉkòó. Ohùn ẹ̀ ò ju ìpín àdúgbò méjì lọ, ẹ̀kọ ẹ̀ sì ń tán.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà polówó tí ò gba ariwo rárá, òun ni ọjọ́ ọjà. Ọjà aṣọ òkè tó wà ní Ọjẹ́ níbí, ọjọ́ 16 16 ni wọ́n ń ná an, ẹni tó ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn mọ ọjọ́ náà, ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń pósí kó tó kún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìpolówó. Mo jí ọgbọ́n yẹn lò. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹnikẹ́ni tí mo bá ti ránṣọ fún rí lè gbé e wá, mo máa fẹ̀ ẹ́ tàbí kí n dín in, mo máa pààrọ̀ sípì tó bàjẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ná mi ní ìdajì ọjọ́ àti òwú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn kì í dá wá, wọ́n á mú àbúrò wá, wọ́n á mú aládùúgbò wá, ìyẹn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì á máa ṣí ìwé sítáìlì wò, kó tó dìde ó ti béèrè iye tí bùbá jẹ́.

Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ìwé kan ṣáá. Mo rántí ìwé yẹn, ṣebí ìwọ̀n èèyàn ló wà níbẹ̀?

Ìwọ̀n ni ìwọ ń rí. Ìwé yẹn ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ àti tábìlì wulẹ̀ jókòó tì í ni.

Jẹ́ kí n ṣí ojú ewé kan fún ẹ. Orúkọ, nọ́ńbà. Ejìká 16, àyà 42, ìbàdí 46, gígùn apá 23. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n yẹn mo kọ ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, torí ara èèyàn ń yí padà, tó bá ti lé lọ́dún kan mi ò ní gé aṣọ láìtún wọ̀n. Nísàlẹ̀ ẹ̀ mo kọ: “Léèsì àwọ̀ ọsàn, ìró àti bùbá, ìsìnkú bàbá ọkọ ẹ̀. Kò fẹ́ kí ọrùn ṣí. Apá òsì gùn díẹ̀ ju ọ̀tún. Àbúrò ẹ̀ ń ṣègbéyàwó lóṣù kejìlá. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló mú un wá.” Ó parí. Tí oṣù kẹsàn-án bá dé, màá pè é: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ìgbéyàwó àbúrò yín ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé wọ́n ti mú aṣọ?” Kò sí fídíò kankan láyé yìí tó lè bá ìpè yẹn dọ́gba. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé mo rántí, èmi sì rèé, mi ò rántí nǹkankan, ìwé ló rántí.

Àyè tí mo kọ “ta ló mú un wá” sí yẹn, má fojú kéré ẹ̀. Níparí ọdún mo máa ń kà á. Ọdún kan mo rí i pé Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ti mú èèyàn mẹ́sàn-án wá, mi ò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí ju “ẹ ṣé mà” lọ. Mo rán aṣọ kan fún un, mi ò gba kọ́bọ̀, ó sunkún. Lọ́dún tó tẹ̀lé e mi ò tiẹ̀ ka iye tó mú wá mọ́.

Tún fi kàlẹ́ńdà sínú ìwé náà. Kérésì ò yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Iléyá máa ń fi bíi ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ, télọ̀ tí ò bá wo kàlẹ́ńdà á kàn rí i pé iṣẹ́ ti já lu òun. Ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé nínú oṣù kẹsàn-án náà wà ńbẹ̀.

Kó má bàa dùn mí lọ́jọ́ kan, mo ń fi fóònù ya gbogbo ojú ewé, torí òjò ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Mo gba ìwé yẹn là, ó gbẹ, ó le gbagidi bíi pákó, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ojú ewé tí mo ní lórí áàpù kan nígbà kan ńkọ́? Wọ́n jí i mọ́ mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan, fọ́tò iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ, ẹni tó jí i wá ń fi orúkọ mi bẹ àwọn kọ́sítọ́mà mi pé kí wọ́n wá kówó sínú ètò kan. Mo kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìwé inú dúrọ́ọ̀ mi ò tíì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

WhatsApp tí ẹ ń lò ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti yàtọ̀ ni pé nọ́ńbà kọ́sítọ́mà wà lọ́wọ́ mi. Tí WhatsApp bá kú, màá pè é. Ṣé o rántí Mọ́ńdè yẹn, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021? Facebook, Instagram, WhatsApp, gbogbo ẹ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn tó ń tajà lórí ẹ̀ kàn ń tan fóònù ń pa á ni. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà, láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. Ẹni tí gbogbo ọjà ẹ̀ wà níbẹ̀, oṣù méje gbáko.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Sítétọ́ọ̀sì ò ju wákàtí 24 lọ kó tó pòórá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbójú lé e. Broadcast ni mo ń lò, ìyẹn ni kó o kọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, list kan ń gba èèyàn 256, tìẹ ò tíì kún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹni tí ò bá fi nọ́ńbà ẹ pamọ́ sínú fóònù tiẹ̀ ò ní rí broadcast yẹn, wàá máa rò pé o ti ránṣẹ́, afẹ́fẹ́ lò ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà kí kọ́sítọ́mà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, “ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi nọ́ńbà mi pamọ́, màá pè yín táṣọ bá ti ṣetán.” Níwájú ẹ ni kó ti ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń ránṣẹ́ sí wọn, mi ò sì ń fi àdúrà àti fídíò apanilẹ́rìn-ín ránṣẹ́, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ti sú, wọ́n á blọ́ọ̀kì ẹ, o ò sì ní mọ̀.

Àwọn àgbà tí ò sí lórí WhatsApp, tẹ́ẹ̀sì ni. Ojú ewé tẹ́ẹ̀sì kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tó o bá fi àmì sórí Yorùbá ẹ báyìí, 70 péré ló máa gbà, owó á wá di méjì mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ tẹ́ẹ̀sì láìlámì, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá má bínú sí mi. Má sì lọ san owó fún àwọn tó ń ta tẹ́ẹ̀sì rẹpẹtẹ láìbéèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ STOP sí 2442 kí irú ẹ̀ má bàa wọlé sí wọn mọ́.

Ẹni tuntun wá ńkọ́? Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí mo ti mọ̀, ibo làwọn tuntun á ti wá?

Ẹ̀yìn aṣọ tó o rán ni wọ́n á ti wá. Aṣọ ẹbí kan wọ òde, ogójì obìnrin wọ aṣọ kan náà, ìwọ lo rán mẹ́ta nínú ẹ̀, tí mẹ́ta yẹn bá jókòó lára dáadáa, ẹni tí tiẹ̀ ń fà lábíyá á béèrè kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé. Nítorí náà rán àmì kékeré sínú ọrùn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà. Nọ́ńbà ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá àwọn tó máa ń rí kọ́sítọ́mà ẹ kó o tó rí wọn. Ẹni tó ń ta ànkárá ní Gbági, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ “ta ló máa bá mi rán an báyìí?” Oníléèsì, ẹni tó ń we gèlè, alágbàfọ̀ tó mọ aṣọ tó ti ya. Lọ kí wọn, má mú káàdì nìkan lọ, bá wọn tún nǹkan kan rán. Kó o sì fi ṣọ́ọ̀bù ẹ sórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wàá ṣe é.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ò wúlò tó o bá ń ṣe ohun tí wọ́n mọ télọ̀ mọ́. O mọ ọ̀rọ̀ yẹn. “Ẹ padà wá lọ́la.” “Ó ku bọ́tìnnì.” Bọ́tìnnì kẹ̀, aṣọ tí wọn ò tíì gé! Mo ti ṣe é rí, èmi náà. Obìnrin kan dé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, sókótó ọkọ ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, kò bú mi, ó wò mí ni. Kò wá mọ́, ẹgbọ́n ẹ̀ méjì náà ò wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí iṣẹ́ bá máa gba ọjọ́ méje, mẹ́wàá ni mo ń dá fún wọn, lọ́jọ́ kẹjọ màá pè pé ó ti ṣetán. Ariwo tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀ ládùúgbò pọ̀ o.

Ṣé kí n wá pa Instagram mi rẹ́ ni?

Rárá o. Fi fọ́tò mẹ́sàn-án tó dáa jù síbẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, iye tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó o fi sílẹ̀ bíi páálí ojú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá júwe ẹ fún á fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó rí nǹkan. Tó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lò ń tà, tò ń fi ránṣẹ́ sí Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, níbẹ̀ lọjà ẹ wà, kò sí bó o ṣe máa sá fún un. Ìwọ ò tíì débẹ̀. Wákàtí méjì tó o fi ń gé fídíò lálẹ́, fi wákàtí kan pe èèyàn mẹ́ta nínú ìwé, kó o fi èkejì sùn.

Tí ẹlòmíì bá ní òun ò lè fún mi ní nọ́ńbà ńkọ́?

Má fipá gbà á. Kọ ohun tó o bá rí. Mo ní kọ́sítọ́mà kan, ohun tó wà lórí ojú ewé tiẹ̀ ni “Ìyá aláwọ̀ pọ́pù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àyà 38, kì í dúró gba ṣéńjì.” Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wá, ọdún kẹfà rèé, mi ò tíì mọ orúkọ ẹ̀.