Ibi tí gíláàsì ojú fóònù ti kọ́ agídí

Lẹ́yìn 1950 díẹ̀, Donald Stookey, onímọ̀ kẹ́míkà, ti gíláàsì kan bọ ìléru ní Corning, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gíláàsì ní ìpínlẹ̀ New York. Ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́ kí iná náà dé, àfi bó ṣe ré kọjá 900. Bó ṣe ń fi ẹ̀mú yọ gíláàsì ọ̀hún, ó já bọ́. Ó dún bí irin, kò sì fọ́. Ìyẹn kọ́ ló wà lójú fóònù wa o, abọ́ ìdáná ni wọ́n fi tiẹ̀ ṣe. Àmọ́ ó là wọ́n lójú, ìgbà tó sì di 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti mú gíláàsì le sí i, tí wọ́n pè ní Project Muscle.

Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ìlà kéékèèké ara rẹ̀, tí ojú ò rí, ló ń pa á. Tó bá já bọ́, ara rẹ̀ á nà, ìlà kan á yanu, á sì sáré já sí òdìkejì.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ri gíláàsì bọ inú iyọ̀ pòtásíọ̀mù tó ti yọ́, tó gbóná tó nǹkan bí 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Sódíọ̀mù, èròjà kan inú gíláàsì, á jáde, pòtásíọ̀mù á wọlé sí ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ pòtásíọ̀mù tóbi ju ẹyọ sódíọ̀mù lọ. Ẹni tó bá ti wọ danfó "mẹ́rin-mẹ́rin" rí mọ̀ ọ́n: ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹni tó sanra jókòó síbẹ̀, gbogbo ìjókòó yẹn fún gbagidi. Bí awọ gíláàsì ṣe fún nìyẹn, ìlà tó bá fẹ́ yanu ò ráyè.

Awọ tó fún yìí ò sì nípọn ju irun orí lọ. Tí iyanrìn bá ha á kọjá ibẹ̀, ó tán. Fóònù tèmi já bọ́ sórí kọnkéré oníyanrìn lóṣù tó kọjá, láti igun ló ti sán dé àárín.

Lọ́dún 1962 ni Corning gbé gíláàsì yìí jáde, Chemcor lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ díẹ̀ lò ó, ọjà ò yá. Ní 1971, wọ́n pa á tì.

Oṣù kìíní 2007 ni Steve Jobs, ọ̀gá iléeṣẹ́ Apple nígbà náà, fi fóònù iPhone han aráyé, ike ló wà lójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ inú àpò lè ha ike. Ó kàn sí Wendell Weeks, ọ̀gá Corning, pé gíláàsì tó le lòun fẹ́, wọ́n sì yí iléeṣẹ́ wọn ní Harrodsburg, Kentucky, padà sí iṣẹ́ náà. Ìparí oṣù kẹfà, fóònù dé ọjà pẹ̀lú gíláàsì lójú. Orúkọ tí wọ́n wá ń pè é báyìí ni Gorilla Glass.