Aró Tí Ó Ń Tan Ìmọ́lẹ̀ Lílọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìròyìn nípa aró tí àwọn mólékù rẹ̀ ń to ara wọn jọ, tí wọ́n sì ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ó lọ́ bí okùn, ti rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú.

Ṣé aró tí a fi ń rẹ aṣọ ni?
Rárá. Mólékù ẹlú tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ọ̀tún tàbí òsì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tàn.

Báwo ni mólékù ṣe ń ní ọ̀tún àti òsì?
Bí bàtà ni: ẹyọ méjèèjì bára mu, síbẹ̀ kò sí bí a ṣe lè yí ti òsì tí yóò fi wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní ọdún 1848, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́nsì ará Faransé, fi sùúrù ṣa àwọn horo irú iyọ̀ kan sọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀.

Ta ni ó ń to àwọn mólékù aró náà jọ?
Kò sí ẹnì kankan. Nínú omi tí wọn kò fẹ́ràn, wọ́n á fà mọ́ra wọn.

Kí wá ni ó ṣàjèjì níbẹ̀?
Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọ̀pọ̀ aró máa ń tàn nígbà tí mólékù kọ̀ọ̀kan bá dá wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pé jọ, ìmọ́lẹ̀ á kú. Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ sáyẹ́nsì méjì, Edwin Jelley àti Günter Scheibe, tí ẹnìkan kò bá èkejì ṣiṣẹ́, rí aró kan tí ó ń tàn yòò nígbà tí ó bá pé jọ. Ní 2001, Ben Zhong Tang àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong rí òmíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan àfi bí ó bá ṣù pọ̀. Bí mólékù irú aró bẹ́ẹ̀ bá ní ọ̀tún tàbí òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á yí díẹ̀ lórí èyí tí ó jókòó lé, títí tí òpó tí wọ́n tò jọ náà yóò fi dà bí àkàbà tí ó ń yí po, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde níbẹ̀ yóò sì lọ́ sí apá kan ju èkejì lọ. Òǹkà tí kò lè kọjá 2 ni wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ yìí: mólékù kan ṣoṣo kì í sábà ju nǹkan bí 0.001 lọ, ṣùgbọ́n àwọn àkójọ kan ti kọjá 0.1. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bí gbogbo ọwọ́ náà bá ti jẹ́ ti apá kan náà.

Ṣé ojú wa lè rí i?
Ojú wa ń rí ìmọ́lẹ̀ náà, kò kàn mọ̀ pé ó lọ́. Ẹ̀dá òkun tí à ń pè ní mantis shrimp mọ̀ ọ́n.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?
Asẹ́ kan wà lójú fóònù OLED (irú èyí tí ojú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀), tí kì í jẹ́ kí oòrùn ta padà sí wa lójú. Ó ń gbé nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ fóònù mì, bátìrì ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti lọ́ bí asẹ́ náà ṣe fẹ́ yóò kọjá láìsí òfò púpọ̀.

Ṣé kí n dúró dè é kí n tó ra fóònù?
Ẹ má dúró.

Ṣé kò léwu?
Lílọ́ kò fi agbára kankan kún ìmọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ilé sinimá 3D kan ń lò, ọ̀tún fún ojú kan, òsì fún èkejì. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ọjà oògùn. Bí ẹnìkan bá ní òun ń ta ìmọ́lẹ̀ lílọ́ tí ó ń wo àrùn, ẹ bi í bóyá ti ọ̀tún ni tàbí ti òsì.