Ogún Ta Ni Ẹgbẹ́ Conservative Ń Pa Mọ́? Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àwọn Tory

Àwọn tí ó ń jiyàn lórí bóyá ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì di ìlànà àtijọ́ rẹ̀ mú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí Margaret Thatcher, tí ó di olórí ìjọba ní ọdún 1979, àfi bí ẹni pé ọdún yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí ó kàwé díẹ̀ sí i a máa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 1834, nígbà tí Robert Peel, olórí ìjọba nígbà náà, kọ ìwé sí àwọn olùdìbò rẹ̀ ní Tamworth. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni ó pẹ́ dé ibi ìkómọjáde. Ọmọ tí Peel ń sọ lórúkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń pè ní Tory kí ó tó di Conservative, ti lé ní àádọ́jọ ọdún nígbà náà, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó bí i kò lè sọ bóyá ó ti ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ oyè ni ó bí i. Láàárín ọdún 1679 sí 1681, Charles Kejì wà lórí ìtẹ́. Ó bímọ púpọ̀ níta, ṣùgbọ́n ayaba kò bí ọ̀kankan fún un. James àbúrò rẹ̀ ni oyè kàn, James sì ti di ọmọ ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ tí ẹ̀rù Àgùdà ti ń ba tọmọdé tàgbà. Àwọn aṣòfin kan, tí Earl of Shaftesbury jẹ́ aṣáájú wọn, gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí wọ́n yọ James kúrò nínú ìlà àwọn tí yóò jọba. Àwọn mìíràn fàáké kọ́rí pé èèwọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Póòpù sétí, síbẹ̀ wọ́n dúró ti James. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé ogún ni adé, pé a kì í fi ìbò gba ogún lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́ sí, àti pé onílẹ̀ tí ó bá lọ́wọ́ sí irú rẹ̀ kò ní ní ẹnu ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìbò gba oko baba tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1680, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù fi ìbò 63 sí 30 da àbá náà nù. Àwọn alátakò James kò sinmi. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 1681, ọba pe àwọn aṣòfin jọ sí Oxford kí ariwo London má baà dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tí ó gbé ohun ìjà. Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ keje, wọ́n gbé aṣọ ìgúnwà ọba wọlé ní bòńkẹ́lẹ́ nínú àga onílẹ̀kùn tí ọkùnrin méjì fi ń gbé ọlọ́lá káàkiri, tí ẹnikẹ́ni kò fura. Charles wọ̀ ọ́, ó jókòó, ó sì ní kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé rẹ̀. Kò tún pe àwọn aṣòfin jọ mọ́ títí ó fi wàjà ní ọdún 1685, James sì gorí ìtẹ́ láìsí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́.

Nínú ìjà yìí ni orúkọ ti jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ń pe ìhà àwọn alátakò James ní Ẹlẹ́bẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń kó ìbuwọ́lù sí kí ọba lè pe àwọn aṣòfin jọ. Ìhà kejì sì ń jẹ́ Akórìíra, nítorí wọ́n kọ̀wé sí ọba pé àwọn kórìíra irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èébú ni ó gba ipò àwọn orúkọ náà: Whig fún Ẹlẹ́bẹ̀, Tory fún Akórìíra. Whig, tí wọ́n gé kúrú láti ara orúkọ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ẹlẹ́sìn Presbyterian ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, kò ní kí a dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Tory ni ó yẹ kí a tú wò. Láti ara “tóraidhe” ni ó ti wá nínú èdè Ireland, ọ̀rọ̀ tí ó tan mọ́ ìlépa, wọ́n sì ń lò ó fún ọlọ́ṣà tí ìjọba ń lé kiri inú igbó. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́ṣà náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba Cromwell gba ilẹ̀ baba wọn ní àwọn ọdún 1650, tí wọ́n wá ń ja àwọn àtìpó tí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún lólè. Àwọn òpìtàn a máa fi ṣe ẹ̀rín pé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá ń jẹ́ orúkọ olè. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi agbára lé kúrò lórí ogún rẹ̀ ni tóraidhe, ọ̀rọ̀ ogún náà ni àwọn Tory sì ń jà lé lórí ní Westminster. Mo gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ náà bú wọn sọ òótọ́ ju bí ó ti rò lọ.

Robert Filmer, òǹkọ̀wé kan tí ó ti kú láti ọdún 1653 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ olórí iṣẹ́ rẹ̀ jáde títí di ọdún 1680, ni ó fún wọn ní àlàyé tí wọ́n nílò. Ó ní agbára ọba lórí ìlú kò yàtọ̀ sí agbára baba lórí agbo ilé, láti ọ̀dọ̀ Ádámù ni ó sì ti ṣẹ̀ wá. Ta ni ó dìbò yan baba rẹ̀ rí? Ọba àti ìjọ Áńgílíkà ni ọwọ̀n méjì tí ilé Tory dúró lé, kò sì sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọwọ̀n kan bá wó lu èkejì.

Ọdún 1688 ni ó wó. James pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà ka ìkéde òmìnira ẹ̀sìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bíṣọ́ọ̀bù méje sì bẹ̀ ẹ́ pé àwọn kò lè ṣe é. William Sancroft, Archbishop ti Canterbury, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé James ládé, ni olórí wọn. Ọba sọ wọ́n sí àtìmọ́lé ní Tower, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní oṣù Kẹfà. Lálẹ́ ọjọ́ ìdáláre náà gan-an, ìjòyè àti ọlọ́lá méje, tí Danby tó jẹ́ Tory wà láàárín wọn, buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi pe William ti Orange wá láti ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì. James sá lọ. Nígbà tí wọ́n wá ní kí Sancroft búra fún ọba tuntun, ó kọ̀: ó ti búra fún James, James sì wà láàyè. Wọ́n gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1690. Ó padà sí Fressingfield ní Suffolk níbi tí wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1693. Àwọn àlùfáà bí 400 pàdánù iṣẹ́ wọn bákan náà. Bí a bá ní kí n fi Tory pọ́ńbélé kan hàn, ọkùnrin tí ọba fìyà jẹ tí kò sì bá wọn gba adé lórí rẹ̀ yìí ni mo máa nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n Tory tí ó pọ̀ jùlọ búra, wọ́n sì jókòó ti ipò wọn. Nítorí náà, àwọn tí ó ń sọ pé àìpẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ náà kọ́ láti fi ìlànà pàárọ̀ àga kò mọ ọmọ náà láti kékeré.

Wọ́n tún máa ń dárúkọ Edmund Burke, òǹkọ̀wé àti aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí baba ẹgbẹ́. Whig ni Burke, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Peel ni ó yẹ kí a dá lóhùn. Inú owó òwú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìwé Tamworth rẹ̀ sì gba àtúnṣe ìdìbò ọdún 1832 gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn tí ó ti parí. Orúkọ Conservative, láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí pípa nǹkan mọ́, ti wà lẹ́nu àwọn ará Faransé láti ọdún 1818, nígbà tí Chateaubriand fi irú rẹ̀ sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ lórúkọ. Ọdún 1830 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1846 Peel fagi lé òfin owó bodè tí ó ń dáàbò bo àwọn onílẹ̀ tí ó ń gbin ọkà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò tako ó, ó bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì di Liberal nígbẹ̀yìn. Derby àti Disraeli, aṣáájú àwọn tí ó tako Peel, ni ó kù nínú ilé. Báwo ni ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó kúrò nínú ilé ṣe jẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ?

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Disraeli fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ní ìbò ní ọdún 1867. Ìdàpọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Liberal Unionist ní ọdún 1912 sì fi ọ̀rọ̀ Unionist kún orúkọ. Lábẹ́ Thatcher, wọ́n ta ilé ìjọba fún àwọn ayálégbé láti ọdún 1980, èyí tí Tory àtijọ́ lè fara mọ́ nítorí ilé ṣeé fi jogún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ta iléeṣẹ́ tẹlifóònù British Telecom ní ọdún 1984, Macmillan àgbà, tí ó ti jẹ olórí ìjọba rí nínú ẹgbẹ́ náà, fi wọ́n wé ìdílé tí ó ń ta fàdákà ilé. Ní ọdún 2013, lórí òfin ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, aṣòfin Conservative 127 ní bẹ́ẹ̀ ni, 136 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Boris Johnson, olórí ìjọba, lé aṣòfin 21 kúrò nínú ẹgbẹ́, tí ọmọ ọmọ Churchill wà nínú wọn, ó sì ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pa. Adájọ́ 11 fi ohùn kan sọ pé ìmọ̀ràn tí ó fún ọbabìnrin lòdì sí òfin. Ẹni tí ó bá rántí Oxford yóò mi orí: Charles lé àwọn aṣòfin lọ kí ogún má baà bọ́, Johnson ti ilé pa kí ìbò ọdún 2016 láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè ṣẹ. Ìjókòó 121 ni ó kù fún wọn ní oṣù Keje ọdún 2024. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, ni ó gba ipò olórí ní oṣù Kọkànlá. Bí ẹ bá bi mí, àwọn ọmọ Peel ti ra ilé náà padà.

Mo ṣì rí ẹ̀jẹ̀ Tory kan kẹ́yìn ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ìjọba Tony Blair fẹ́ lé gbogbo àwọn tí ó jogún ìjókòó wọn kúrò ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù. Viscount Cranborne, ọmọ ìran Cecil tí ó ti ń sin adé láti ìgbà Elizabeth Kìíní, ni ó ń darí àwọn Conservative níbẹ̀. Ó bá ìjọba dúnàádúrà lábẹ́lẹ̀, ó sì gba ìjókòó 92 sílẹ̀ fún àwọn ajogún, láìgba àṣẹ William Hague olórí ẹgbẹ́. Hague yọ ọ́ nípò. Cranborne ní yíyọ náà tọ́ sí òun, nítorí òun já wọlé bí ajá tí wọn kò kọ́ dáadáa. Àwọn tí ó ju 600 lọ kó ẹrù wọn ní ọdún 1999. Àwọn 92 padà lọ jókòó.