Ta ni yóò ra J-35 lọ́wọ́ Ṣáínà?

Ìjọba tó bá ra bàálù ogun ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹni tó tà á fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ra ẹ̀yà ara rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ rẹ̀ yóò ti lọ kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ohun ìjà tó ń gbé sábẹ́ apá yóò ti wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ oníbàárà J-35, bàálù ogun Ṣáínà tí rédà kì í tètè rí, kó kọ́kọ́ wo àwọn tí Amẹ́ríkà kò ta F-35, irú bàálù bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, fún.

Oṣù Kẹwàá 2012 ni FC-31, bàálù ilé iṣẹ́ Shenyang tó bí J-35, kọ́kọ́ fò. Nígbà tó dé ibi ìpàtẹ bàálù ní ìlú Zhuhai ní Ṣáínà ní 2014, ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà ló wà nínú rẹ̀, èéfín dúdú sì ń tú nídìí rẹ̀. Àwọn ológun Ṣáínà fúnra wọn kò tíì rà á. Bí olóúnjẹ kò bá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, ta ni yóò kọ́kọ́ bu jẹ? Ẹnikẹ́ni kò rà á. Ní Zhuhai 2024 ni wọ́n tó fi J-35A, ẹ̀dà J-35, hàn gẹ́gẹ́ bíi bàálù ọmọ ogun òfuurufú Ṣáínà, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe kékeré. Bàálù ogun JF-17 tí Ṣáínà àti Pakísítánì jọ ṣe, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ dé Makurdi fún Nàìjíríà ní 2021, ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà ló ń gbé e. Àga rẹ̀ tó ń ta awakọ̀ síta nígbà ìjàǹbá, ilé iṣẹ́ Martin-Baker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ẹni tó ni àga lè dí ọjà lọ́wọ́. Ní 2020, Gúúsù Kòríà sọ fún Ajẹntínà pé òun kò lè ta FA-50, bàálù ogun òun, fún un, nítorí ẹ̀yà mẹ́fà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fẹ́ kí ohun ìjà rẹ̀ dé Ajẹntínà, wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí Ṣáínà fi ń sapá kí ẹ́ńjìnnì di tirẹ̀, bó ṣe rí fún J-10C, bàálù ogun Ṣáínà mìíràn tí Pakísítánì ti ń fò láti 2022.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó rọ bàálù ló ń dúnàádúrà. CATIC, ilé iṣẹ́ ìjọba Ṣáínà, ló ń ṣe é, lẹ́tà E sì máa ń wà lórúkọ èyí tó ń lọ òkè òkun: J-10CE, J-35AE.

Ta wá ni yóò rà á? Ní 2021, UAE (ilẹ̀ Dubai àti Abu Dhabi) gbà láti ra F-35 àádọ́ta. Kí ọdún tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dúró, Huawei, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, wà nínú ohun tó dá a rú. Íjíbítì ní F-16, bàálù ogun Amẹ́ríkà, tó lé ní igba, àmọ́ Amẹ́ríkà kò fún un ní mísáìlì tó ń lọ jìnnà. Nígbà tó yíjú sí bàálù ogun Su-35 ti Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà halẹ̀ ìjìyà mọ́ ọn ní 2019. Ní 2025, J-10C Ṣáínà fò pẹ̀lú bàálù Íjíbítì nínú ìdánrawò.

Pakísítánì ló súnmọ́ ọjà náà jù. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba rẹ̀ kéde pé Ṣáínà ti na J-35 ogójì sí òun. Kò pẹ́ tí mínísítà ààbò rẹ̀, Khawaja Asif, fi ní ọ̀rọ̀ inú ìròyìn lásán ni, àmọ́ ó ń ṣe ọjà Ṣáínà láǹfààní.