Ẹ̀rọ Adínèéfínkù ni, Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Aláwọ̀ Ewé

Níbi ìpàdé kan tí wọ́n pe àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ sí, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "ìmọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé". Bàbá kan jókòó ti mí, gíríìsì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó tẹ́tí títí, ó wá rọra bi mí pé: "Àbúrò, ṣé ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ kùn ún ni wọ́n ń sọ yìí?"

Inú bí mi, kì í ṣe sí bàbá yẹn o. Ó gbọ́ Yorùbá ju ẹni tó gbé máíkì dání lọ. Àwọn Òyìnbó ló sọ àwọ̀ ewé di orúkọ fún ohun tí kì í ba ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ewé ni ewé: a ń fi pọ́n ẹ̀kọ, a ń gún un ṣe àgbo. Páànẹ́lì tó ń gba iná lára oòrùn, dúdú ni. Takisí oníbàtìrì tó gba ìgboro ìlú Shenzhen ní Ṣáínà kan, búlúù ni. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń mu bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀, pupa ni wọ́n kùn wọ́n. Níbo ni ewé wà níbẹ̀?

Ẹ̀rọ adínèéfínkù ni mo ń pè é. Bí a ṣe hun adáhunṣe àti amúlùúdùn ni mo ṣe hun ún, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń túmọ̀ ìròyìn kò gbà. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná kò ṣeé fojú rí, nítorí náà kì í ṣe èéfín, pé "kábọ́ọ̀nù" ló yẹ ká máa sọ. Òótọ́ ni pé nínú kẹ́mísìrì, afẹ́fẹ́ yẹn, tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí èéfín tí ojú ń rí. Ohun tó bá ti ara ohun tí a dáná sun gbéra lọ sókè, èéfín ni Yorùbá ń pè é, ojú rí i, ojú ò rí i. Ẹ sọ kábọ́ọ̀nù fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bébà dúdú tí àwọn akọ̀wé ń fi sáàárín bébà méjì nínú tàìpùráítà ló máa rántí.

Èyí tó burú jù ni "òfin ojú ọjọ́". Ta ló ń ṣòfin fún ojú ọjọ́? Òfin èéfín ni: àṣẹ ìjọba tó mú kí èéfín ná ẹni tó ń rú u lówó, tàbí tó ran ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́.

Kí wá ni òfin èéfín ń ṣe fún ẹ̀rọ adínèéfínkù? Níbi tí ìyá àgbà mi ti ń yan gàrí, ọ̀fẹ́ ni igi ìdáná tẹ́lẹ̀. Ààrò mẹ́ta ló gbé agbada, ọwọ́ iná ń yọ láti ìhà gbogbo, ojú gbogbo wa a máa pọ́n. Ìgbà tí àwọn olùṣọ́ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ìdì igi kọ̀ọ̀kan, ariwo sọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi po amọ̀, ó mọ ògiri yí ààrò náà ká, ó fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún igi, ó dá ihò sẹ́yìn fún èéfín. Igi tó ń yan agbada kan wá ń yan méjì. Nígbà tó yá, abúlé kejì ń sanwó fún un kó wá bá wọn mọ tiwọn.

Ohun tí Michael Porter ti Yunifásítì Harvard kọ ní 1991 nìyẹn: òfin tó le, tó sì mọ́gbọ́n dání, lè mú ilé-iṣẹ́ ronú débi tí èrè ọgbọ́n náà á fi bo ìnáwó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní irọ́ ni, pé bí èrè bá wà níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ì bá ti rí i kí òfin tó dé. Ìyá àgbà mi yan gàrí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì mọ ògiri kankan yí ààrò ká títí wọ́n fi gbowó lórí igi.

Ìgboro ni èyí ti ń hàn jù, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ àti ìjọba tó lè pàṣẹ ti ń pàdé. Ẹ wo Shenzhen yẹn. Ní 2010, Ṣáínà yan ìpínlẹ̀ márùn-ún àti ìlú mẹ́jọ láti fi dán òfin èéfín wò, Shenzhen wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2013, ó ṣí ọjà àyè èéfín, èyí àkọ́kọ́ nínú méje tí wọ́n fi dánrawò. Àyè èéfín, ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe "òwò kábọ́ọ̀nù": ìjọba fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n èéfín tó lè rú, ẹni tó bá rú kéré sí i, ó ta àyè tó ṣẹ́ kù, ẹni tó bá rú jù, ó rà. Ìlú kan náà ni BYD, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníbàtìrì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, bàtìrì fóònù ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ìgbà tí ìjọba ní bọ́ọ̀sì oníbàtìrì lòun fẹ́, tó sì fi owó ìrànwọ́ tì í, oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà BYD. Nígbà tí 2017 fi parí, gbogbo bọ́ọ̀sì èrò ìlú náà, tó lé ní 16,000, bàtìrì ló ń gbé wọn.

Àwọn tó ń ṣèwádìí máa ń ka iye ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, láti mọ̀ bóyá òfin ṣiṣẹ́. Mo gbà á, àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra. Bí owó bá wà fún iye ìwé, àwọn kan á máa fi nǹkan kékeré gba ìwé ńlá. Òfin tó ń mì pẹ̀lú kò lè mú ẹnikẹ́ni ronú. Ká ní àwọn olùṣọ́ igbó yẹn ń gba ẹ̀gúnjẹ ni, ta ni ì bá po amọ̀?

Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀ láti oṣù Kọkànlá 2021. Ó ní kí ìjọba gbé ìwọ̀n èéfín tí Nàìjíríà lápapọ̀ kò gbọdọ̀ rú kọjá kalẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí "ètò ìṣúná kábọ́ọ̀nù". Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n èéfín ni.

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ yẹn, mo ṣàlàyé òfin èéfín àti ẹ̀rọ adínèéfínkù fún bàbá mẹkáníìkì. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́. Ó ní: "Èló ni wọ́n máa gbà lórí lítà dísù kan, ìgbà wo ló sì máa bẹ̀rẹ̀?"