Ibi Tí Ìjà Orí Twilight Ti Ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ń sọ ìtàn bí ọkàn àwọn òǹkàwé ṣe ń yí padà sí Twilight, ìwé ìtàn ìfẹ́ ọmọge kan àti fáńpáyà, ìyẹn òkú tó ń jí mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí Stephenie Meyer tẹ̀ jáde ní 2005, ọdún 2008 ni wọ́n ti máa ń mú un bẹ̀rẹ̀, ọdún tí sinimá àkọ́kọ́ jáde tí ariwo gba ìgboro. Wọ́n á ní àwọn ọmọge fẹ́ràn rẹ̀, ayé kórìíra rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n tún padà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjà tí wọ́n jà lórí Edward Cullen, fáńpáyà inú ìwé náà, ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ẹni tó kọ ìwé náà. Ọdún 1819 ni mo gbé e kà, ní Lọ́ńdọ̀n, lórí ìtàn kékeré kan tí dókítà ọmọ ogún ọdún kọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Lọ́ńdọ̀n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ilẹ̀ Serbia, nítorí ibẹ̀ ni òkú ti jí.

Ní 1725, ní abúlé Kisiljevo, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Petar Blagojević kú, wọ́n sì sin ín. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ènìyàn mẹ́sàn-án tún kú tẹ̀lé e, wọ́n sì ń sọ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára wọn pé òun ló wá fún àwọn lọ́rùn lóru. Ìjọba Austria ló ń ṣàkóso agbègbè náà nígbà yẹn. Òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Frombald wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ará abúlé hú òkú náà, tí wọ́n fi igi ṣóńṣó gún un láyà, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ó kọ ìròyìn ohun tó rí ránṣẹ́, ìwé ìròyìn ìlú Vienna sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1732, dókítà ológun kan, Johannes Flückinger, kọ ìròyìn tirẹ̀ láti abúlé Medveđa nípa ọkùnrin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Arnold Paole. Èyí ló kárí Yúróòpù. Ọdún yẹn kan náà ni orúkọ náà, fáńpáyà, wọ inú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1755, Ọbabìnrin Maria Theresa ti Austria rán dókítà rẹ̀, Gerard van Swieten, pé kó lọ wádìí. Ó ní ìgbàgbọ́ asán ni, ọbabìnrin sì fòfin de híhú òkú.

Àwọn tó ń kọ nípa fáńpáyà máa ń yára kọjá ibí yìí, wọ́n á ní àwọn òkú Serbia yìí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́: wọ́n wú, ojú wọn pọ́n, àgbẹ̀ abúlé ni wọ́n. Òótọ́ ni pé wọn ò rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ìròyìn Frombald. Ìyàwó Blagojević sọ pé ọkọ òun wá bá òun lẹ́yìn tó ti kú, ó sì bèèrè bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó kó kúrò ní abúlé. Mo ti ronú gan-an lórí bàtà yìí. Òkú tó ń fún àwọn ará àdúgbò lọ́rùn, kò fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn o. Bàtà ló bèèrè, bí ọkọ tó fẹ́ jáde láàárọ̀. Àwọn ẹ̀yà Slav, tí àwọn ará Serbia wà lára wọn, sì gbà gbọ́ níbi púpọ̀ pé ọ̀dọ̀ opó rẹ̀ ni irú òkú bẹ́ẹ̀ máa ń padà sí. Lójú tèmi, irúgbìn ìtàn ìfẹ́ náà ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà náà, kí òǹkọ̀wé kankan tó fọwọ́ kàn án.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jinlẹ̀. Àwọn ará Serbia ń pè é ní *vampir*, àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é ní *upir*. Àwọn onímọ̀ èdè kò tíì fẹnu kò lórí ibi tó ti wá. Àwọn kan ní láti inú èdè Túúkì ni, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí àjẹ́. Ohun tó wù mí jù ni pé nínú ìwé mímọ́ àfọwọ́kọ kan tí wọ́n dà kọ ní Novgorod, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, ní 1047, àlùfáà tó dà á kọ fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀: Upir Likhyi. Bí àlùfáà bá lè máa jẹ́ irú orúkọ yẹn ní gbangba, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ pé ìbẹ̀rù nìkan ni àwọn ènìyàn fi ń pe orúkọ náà nígbà ìwáṣẹ̀.

Ní ti èdè wa, mo ti rí i tí àwọn kan túmọ̀ fáńpáyà sí àkúdàáyà. Kò bá a mu tán, nítorí àkúdàáyà kì í mu ẹ̀jẹ̀. Àkúdàáyà a máa kú ní ìlú kan, a sì lọ fara hàn ní ìlú tí ẹnì kan ò ti mọ̀ ọ́n. A ṣòwò, a láya, a bímọ, títí di ọjọ́ tí ará ilé bá já lù ú lọ́jà, tí yóò sì pòórá. Síbẹ̀, ẹ wo ìdílé Cullen dáadáa. Wọ́n ń gbé láàárín ènìyàn, bàbá wọn ń ṣe iṣẹ́ dókítà, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn ará ìlú bá sì fẹ́ẹ́ rí i pé wọn kì í darúgbó, wọ́n á kó lọ sí ìlú mìíràn. Edward fúnra rẹ̀, àìsàn gágá tó jà ní 1918 ló fẹ́ẹ́ pa á ní Chicago kí wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tó dà. Ó sún mọ́ àkúdàáyà ju òkú Kisiljevo lọ. Mo rò pé ìdí kan nìyẹn tí ìtàn náà kò fi ṣàjèjì sí wa rárá nígbà tó dé ọwọ́ wa.

Ọdún mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn ìròyìn Flückinger, ìfẹ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1748, akéwì ará Jámánì kan, Heinrich August Ossenfelder, tẹ ewì kúkúrú kan jáde. Ọ̀dọ́kùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sí ọmọge kan tó di ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin, tí kò sì gbà fún un. Ó ní òun yóò yọ́ wọlé lóru bíi fáńpáyà, òun yóò fi ẹnu kò ó lẹ́nu títí yóò fi gbọ̀n, òun yóò sì wá bi í pé: ẹ̀kọ́ tèmi àti ti ìyá rẹ, èwo ló dára jù? Gbogbo ẹjọ́ tí àwọn òbí wá rò mọ́ Twilight lẹ́yìn náà, pé ọkùnrin ń wọ yàrá ọmọge lóru láti máa wò ó bó ṣe ń sùn, ó ti wà nínú ewì yìí. Ẹni tó bá ní ọdún 2005 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ọmọ jẹ́, kó lọ wá Ossenfelder.

Ìyẹn ló gbé wa dé ibi tí mo ń lọ. Ní oṣù kẹrin 1815, òkè ayọnáyèéfín Tambora bú gbàmù ní Indonéṣíà, eérú rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run débi pé Yúróòpù kò rí ẹ̀ẹ̀rùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Villa Diodati, létí adágún Geneva, akéwì ńlá Lord Byron àti àwọn àlejò rẹ̀ há sínú ilé. Wọ́n ń ka ìtàn òkú fún ara wọn, Byron sì ní kí kálukú kọ tirẹ̀. Mary, tó wá di ìyàwó akéwì Shelley, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Frankenstein níbẹ̀. Byron bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sú u, ó pa á tì. Ẹni tó ṣa á ni dókítà tó gbà síṣẹ́, John Polidori.

Lára egungun tí Byron jù sílẹ̀ ni Polidori ti mọ ènìyàn. Ó sọ fáńpáyà di ọ̀tọ̀kùlú: Lord Ruthven, ọkùnrin tí àwọ̀ ojú rẹ̀ rí bíi ti òkú, tí ẹyinjú eérú rẹ̀ tutù, tí gbogbo obìnrin ilé olówó sì ń wá bí yóò ṣe wo àwọn. Kí Polidori tó kọ ọ́, àgbẹ̀ tó kú ni fáńpáyà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹni tó wọ aṣọ iyì, tó ń wọ yàrá àlejò, tó yàtọ̀ sí gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀, tí ìyàtọ̀ náà sì ń fa ojú. Ẹ ka ibi tí Bella, ọmọge inú Twilight, ti kọ́kọ́ rí àwọn Cullen ní yàrá oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ ó rí Ruthven níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà ni mo dì mú jù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1819 ni ìwé ìròyìn *New Monthly Magazine* ní Lọ́ńdọ̀n tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ Byron ni wọ́n sì fi sí i. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Polidori kọ lẹ́tà pé òun lòun kọ ọ́. Byron náà ní kì í ṣe ti òun. Ta ló gbọ́? Àwọn ènìyàn ń rà á wìtìwìtì, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, ní 1820 wọ́n ti gbé e sórí ìtàgé ní Paris. Goethe pàápàá, ìyẹn àgbà òǹkọ̀wé Jámánì, ni wọ́n ní ó sọ pé òun ló dára jù nínú iṣẹ́ Byron. Nígbà tó wá yé wọn pé dókítà Byron ló ni ín, ìyìn náà kò bá Polidori délé. Ó kú ní 1821, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú ìtàn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ń yìn ín títí di ọjọ́ tí wọ́n pa á tì; orúkọ ẹni tó ni ín nìkan ló yí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ibẹ̀ ni ìjà Twilight ti ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni ìwé, àti ẹni tí wọ́n gbà pé ó ń kà á, ni àwọn ènìyàn fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn kan á ní Dracula, tí Bram Stoker kọ ní 1897, ni baba Edward. Rárá o. Ìtàn ọdẹ ni ìyẹn: bí àwọn ọkùnrin kan ṣe dọdẹ ẹranko burúkú tí wọ́n sì pa á. Àwọn mìíràn á ní Anne Rice, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni, ní 1976, nítorí pé fáńpáyà tirẹ̀ ń kábàámọ̀. Fáńpáyà kan tó ń jẹ́ Varney ti kábàámọ̀ ṣáájú rẹ̀, nínú ìtàn tí wọ́n ń tà díẹ̀díẹ̀ láàárín 1845 sí 1847, títí ó fi bẹ́ sínú iná òkè Vesuvius. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fún láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Polidori ni Sheridan Le Fanu, ará Ireland. Nínú Carmilla tó jáde di ìwé ní 1872, ọmọge tí fáńpáyà ń bọ̀ wá bá ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà, ó sì jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ tó fẹ́ẹ́ di ìjọsìn àti ìríra jọ wà nínú òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 2003 ni Stephenie Meyer, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Arizona, lá àlá ọmọge kan àti fáńpáyà kan tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nínú pápá, tí ara ọkùnrin náà ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó jí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta ó ti parí ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wá ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ó sì rí Forks ní ìpínlẹ̀ Washington. Ìwé náà jáde ní oṣù kẹwàá 2005, èkejì ní 2006, ẹ̀kẹta ní 2007. Ọwọ́ ọmọge sí ọmọge ló fi ń rìn. Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ kà, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya tán. Orúkọ ènìyàn mẹ́fà ló wà lórí ìwé pélébé tí a fi ń tò tẹ̀lé ara wa.

Ohun tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní ibi sinimá kì í sọ ni pé àwọn olólùfẹ́ ìwé yìí ló kọ́kọ́ bínú sí i. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 2008 ni ìwé kẹrin jáde, tí mílíọ̀nù kan lé ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tà lọ́jọ́ kan péré ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti sun ìta ilé ìtàwé kí wọ́n tó rí i rà dé orí ìgbéyàwó, oyún, àti Jacob, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń di ìkookò, tí ọkàn rẹ̀ so mọ́ ọmọ ìkókó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwọn ò gbà. Àwọn kan ní kí wọ́n dá ìwé náà padà fún ẹni tó tà á. Ìbínú ẹni tó fẹ́ràn nǹkan nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Láàárín oṣù náà kan náà ni ìwé tí Meyer ń kọ lọ́wọ́, tí Edward fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn náà, jò sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ rẹ̀. Ó pa á tì.

Èyí tó wá lẹ́yìn sinimá, ní oṣù kọkànlá, kì í ṣe irú ìbínú yẹn. Àwọn tí kò ka ojú ewé kan ń fi ara dídán Edward ṣẹ̀sín. Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù, sọ ní 2009 pé Meyer kò mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tó di 2010, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń bo tèmi kí n tó gbé e jáde. Ẹjọ́ tó ní láárí wà, mi ò ní bò ó: àwọn ẹ̀yà Quileute, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé ní La Push nítòsí Forks, ìkookò ni ìtàn ìṣẹ̀dá wọn ní àwọn ti ṣẹ̀. Ìwé náà mú ìyẹn lò fún Jacob, owó wọlé fún àwọn ẹlòmíràn, abúlé wọn sì wà níbi tí omi òkun lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí kọ́ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. Pé ọmọge ló ń kà á ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, bó ṣe jẹ́ pé dókítà Byron ló kọ ti 1819.

Ìyókù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Sinimá márààrún parí ní 2012, ariwo rọlẹ̀, àwọn ọmọge di ìyá. Ní 2021 Netflix kó àwọn sinimá náà jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé orí TikTok sì gbà á.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 2020 ni Midnight Sun, ìwé tó jò yẹn, jáde pátápátá, ọdún méjìlá lẹ́yìn tó ti pa á tì. Mílíọ̀nù kan ẹ̀dà tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Polidori kò jẹ́ ká gbọ́ ohun tó wà nínú Ruthven rí. Nínú ìwé yìí a gbọ́ ti Edward: lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó ti Bella ní kíláàsì, ó ń ṣírò bí òun yóò ṣe pa gbogbo ọmọ inú yàrá náà kó lè rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Àwa tí a ti ń gbèjà rẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a ń sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, kà á níbẹ̀. Èmi ka orí náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.