Ká Tó Mọ Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́rọ, Búta Ti Wà Ńlẹ̀: Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Ọwọ́ Fífọ̀ Ti Wá Lókè Ọya

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Abújá níbí gbà pé ọdún 2020 tí Kòrónà dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ ní oríṣiríṣi èdè. Wọ́n rí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu géètì báńkì àti ọ́fíìsì ní Wuse àti Garki, wọ́n gbọ́ ọ ní Hausa, ní Yorùbá, ní Ìgbò àti ní píjìn lórí rédíò, wọ́n wá rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Abújá ni mò ń gbé, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ yìí ti tó igba ọdún lókè Ọya, inú búta, kẹ́tù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ló ti jáde, ẹnu àwọn obìnrin ló sì gbà rìn.

Àwọn òyìnbó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lọ́dọ̀ Ignaz Semmelweis, dókítà kan ní Vienna tó ní kí àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ máa fi omi tí wọ́n po kílórínì sí fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí, 1847 nìyẹn. Ó ṣe dáadáa, ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun wálẹ̀ gan-an ní wọ́ọ̀dù ẹ̀, àmọ́ dókítà ló ń bá wí, kò bá ará ọjà sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ghana náà á ní Veronica Bekoe ló ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rọ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè, ní nǹkan bíi 1993. Mo kí wọn, nǹkan gidi ni, ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn sọ́wọ́ ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́ kí ìyẹn tó dé.

Ẹni tó bá ti gbé lókè Ọya mọ búta, kẹ́tù kékeré tó ní imú yẹn, kò sí mọ́ṣáláṣí tí kò sí, kò sí agbo ilé Hausa tí kò sí, tí àsìkò ìrun bá ti ń sún mọ́ ní Zuba ẹ ó rí i tí wọ́n tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níwájú ṣọ́ọ̀bù. Rọ́bà ló pọ̀ jù báyìí, kó tó di rọ́bà ó ti jẹ́ irin, ó ti jẹ́ amọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa gbé e gẹ̀gẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ṣe lo máa da omi jáde, tó bá ti kan ọwọ́ ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò ní padà sínú omi tí ẹlòmíì máa lò. Ẹ wá wo abọ́ ìwẹwọ́ tiwa níbi ìnáwó, èèyàn mẹ́fà á ki ọwọ́ bọ omi kan náà, ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa kó ìdọ̀tí gbogbo wọn. Àwa Yorùbá ò fi ọwọ́ fífọ̀ ṣeré o, ṣebí àwọn àgbà ló ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, abọ́ yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Alfáà ní tiẹ̀ ti kọ́ wa láti kékeré pé téèyàn bá jí láàárọ̀, kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi àfi tó bá kọ́kọ́ dà á sọ́wọ́ fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí kò mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀ sùn sí. Hádíìsì Abu Hurayra ni, ó sì ti pẹ́ gan-an káyé tó gbọ́ fáírọ́ọ̀sì.

Àmọ́ búta ò lè dá sọ̀rọ̀, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀kọ́ náà wọ inú ilé, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù nìyí. Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ jìhádì ní 1804, obìnrin tí wọ́n bí ní 1793, ló kó àwọn obìnrin jọ ní Sókótó tí wọ́n ń pè ní 'yan taru. Ewì ló fi ń kọ́ wọn, ó ń kọ ọ́ ní Fulfulde, ní Hausa àti ní Lárúbáwá. Àwọn olórí wọn, jaji, á wá láti abúlé, á há ewì yẹn sórí, á padà sílé lọ kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn, fìlà koríko tí wọ́n ń pè ní malfa ló wà lórí wọn, táwọn èèyàn bá ti rí i wọ́n á mọ̀ pé olùkọ́ ló ń bọ̀. Inú yàrá lọ́hùn-ún tí ọkùnrin àjèjì ò lè dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Kí ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ wọn níbẹ̀? Ìrun ni, kò sì sí ìrun láìsí àlùwàlá, ọwọ́ la sì kọ́kọ́ ń fọ̀ nínú àlùwàlá, torí náà lójú tèmi, ọwọ́ fífọ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá yìí gbé rìn, kò tún sí bó ṣe lè rí.

Báwo ló ṣe wá dé èdè Yorùbá? Ìlọrin ni. Kí Ìlọrin tó wà lábẹ́ Sókótó, ìjọba tí jìhádì yẹn dá sílẹ̀, rárá, Ṣọlágbẹrú ti kó àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí Òkè-Súná, nígbà tí Ṣéù Alímì, alfáà Fúlàní tó wà n'Ìlọrin, kú tí ọmọ ẹ̀ Abdulsalami wá di ẹ́mía àkọ́kọ́, Fúlàní, Hausa, Nupe, Kanuri àti Yorùbá ti wà pọ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo. Alfáà tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ju èdè kan lọ, ohun tí Abújá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lónìí, ìlú wa ti ń ṣe é látìgbà náà. Àwọn obìnrin Ìlọrin wá ń kọ wákà, orin tí wáàsí wà nínú ẹ̀, ọ̀dọ̀ Hausa la ti gba orúkọ yẹn, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀kọ́ àlùwàlá wà lára ohun tí orin yẹn gbé wọ ilé Yorùbá. Títí dòní tó o bá dúró ní Nyanya tó o ní "àlùwàlá", Hausa gbọ́, Yorùbá gbọ́, Nupe gbọ́, kò sẹ́ni tó máa ní kó o túmọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní nǹkan bíi 1911, àwọn èèyàn wa bá a dé Sabon Gari níbẹ̀, ní Zaria àti ní Kaduna, wọ́n sì gbé àṣà yìí dání. Ojú irin yìí kan náà ni àrùn inflúẹ́ńsà 1918 gbà, látẹnu omi l'Ékòó títí dókè Ọya. Àwọn kan á ní wolé-wolé ìjọba òyìnbó, tí Hausa ń pè ní duba-gari, ló kọ́ wa ní ìmọ́tótó. Mi ò gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún Dókítà Isaac Ladipo Oluwole tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó Yaba sílẹ̀ ní 1920, ṣùgbọ́n kóòtù ni wolé-wolé fi ń dẹ́rù ba èèyàn, àwọn èèyàn sì ń sá fún un, kò sì lè kọjá zaure, yàrá àbáwọlé, ilé Hausa.

Ọ̀rọ̀ pólíò ló jẹ́ kí wọ́n rántí ọ̀nà àtijọ́. Ní 2003, Kano àtàwọn ìpínlẹ̀ míì ní àwọn ò gba àjẹsára pólíò, ìdánwò oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé níbẹ̀ nígbà àrùn ọrùn-líle (meningitis) 1996 ṣì wà lọ́kàn wọn, ẹni tó bá sì ti jẹ gbèsè ìfọkàntán báyẹn, ẹ̀bẹ̀ rédíò ò lè san án. Àwọn ẹ́mía àti àwọn obìnrin àdúgbò ló tú u ká, obìnrin tí wọ́n mọ ilé ọkọ ẹ̀, tó gbọ́ èdè ilé tó ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àjẹsára ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ mọ́ ọn. Ní August 2020, àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé pólíò gangan (wild polio), èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti kúrò ní Áfíríkà.

Èyí tó kù, gbogbo wa la rí i. Ẹ̀bólà dé Èkó ní July 2014, kò pẹ́ tí ìròyìn kan fi gba orí fóònù lóru pé kí gbogbo èèyàn máa fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n máa mu ún, a ò mọ ẹni tó sọ ọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Kòrónà dé Nàìjíríà ní 27 February 2020, kónílé ó gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Abújá ní 30 March, Kano rí tiẹ̀ ní 11 April, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, ń kéde, àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì yọjú. Ọṣẹ ni wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ àtijọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọṣẹ ló ń tú ọ̀rá tó bo fáírọ́ọ̀sì yẹn lára, omi nìkan ò lè ṣe é. Àmọ́ ní Mararaba àti Nyanya níbi tá a ti ń ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mairuwa, búta kan àti ọṣẹ wẹ́wẹ́ ló ṣeé ṣe nínú ilé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu géètì sì ti gbẹ kí ọdún tó yí. Ní 2021 kọ́lẹ́rà, àrùn tí omi àti ọwọ́ ìdọ̀tí ń gbé kiri, dé, Bauchi, Jigawa àti Kano wà lára ibi tó ti le jù, ó pa ju 3,500 èèyàn lọ lọ́dún yẹn nìkan, ó ju gbogbo àwọn tí ìjọba kà pé Kòrónà pa ní Nàìjíríà látìbẹ̀rẹ̀ lọ.